Ògiri Ẹlẹ́hàá

Ẹjọ́ ògiri ló wọ ààfin Baálẹ̀ wa lẹ́yìn Dọ́pẹmu lánàá. Àbẹ̀kẹ́ aránṣọ ló pe Alàájì Làsísì, onílé rẹ̀, lẹ́jọ́. Àìsùn ti mú kójú Àbẹ̀kẹ́ wú.

"Kí ẹ pẹ́ fún wa, Baálẹ̀. Ògiri tí èmi àtàwọn ọmọ mi ń sùn tì ti lanu. Bí mo bá nawọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì, mo lè bọ ẹni tó ń kọjá níta lọ́wọ́! Ìjọba rán Ìbídùn wá yẹ ilé wò, Alàájì ò ṣílẹ̀kùn. Ṣé kó wó pa wá ni?"

"Làsísì, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Baálẹ̀. Ẹlẹ́hàá ń bẹ nílé mi. Àlejò ò gbọdọ̀ já wọlé bá ẹlẹ́hàá."

Ìbídùn fò dìde. "Baálẹ̀, ẹ tiẹ̀ wò mí. Obìnrin kọ́ lèmi náà?"

Wọ́n ní kí Sùlíyá, ìyàwó Alàájì, wá jẹ́rìí. Ó sọ igbá ọṣẹ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó, ṣé ẹlẹ́hàá ni ọ́?"

"Èmi tí mò ń kiri ọṣẹ dé Òpèbí? Ta ni yóò wá bá mi tà á?"

Ààfin hó yèè. Àbẹ̀kẹ́ nìkan ni ò rẹ́rìn-ín.

"Làsísì, ẹlẹ́hàá wo lò ń wí?"

Alàájì wúkọ́. "Ògiri náà ni, Baálẹ̀. Ó ti dàgbà, ojú ń tì í. Mo ta aṣọ bò ó. Èmi nìkan ló tọ́ kí n rójú ẹ̀."

"Èmi náà ń kírun, Làsísì. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí."

Ẹlẹ́rìí Alàájì, Dàwódù bíríkìlà, dìde. "Kò sóhun tó ṣe ògiri yẹn, Baálẹ̀. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni."

"Ṣé ìwọ lè sùn tì í?"

"Èmi kẹ̀? Mo láya, mo lọ́mọ!"

"Dàwódù, o pa mí o!" ni Alàájì figbe ta.

Baálẹ̀ bá àwọn ìjòyè sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó wá dájọ́.

"Òfin ní bí ayẹ̀léwò bá dé, kí onílé ṣílẹ̀kùn, kó mú un dé ibi gbogbo, kó má purọ́ fún un. Ṣùgbọ́n o ní aya ni ògiri jẹ́ fún ọ. Ó dáa. Láti òní lọ, inú pálọ̀ rẹ ni Àbẹ̀kẹ́ àtàwọn ọmọ ẹ̀ yóò máa sùn. Ìwọ lọ sùn ti aya rẹ, kó o gbórí lé e láyà, títí wàá fi jẹ́ kí ìjọba wò ó."

Alàájì gbójú sókè. Òjò ti ṣú. Kí wọ́n tó kí Baálẹ̀ tán, ó ti ń sáré lé Ìbídùn.

"Ìyáàfin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀wọ́! Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó kójò tó dé!"

Nígbà tí wọ́n fi délé, Àbẹ̀kẹ́ ti tẹ́ ẹní àwọn ọmọ sí pálọ̀. Ó kọjú sí Sùlíyá.

"Ìyàwó Alàájì, ẹ dákun, apá ibo ni fáànù yín ń fẹ́ sí?"