Ìrù tí Bàbá Kúbúrá Hù

Hàbíbátù ọmọ mi fi Kùránì búra pé òun ò ní fojú kan Ṣàíbù mọ́ láyé. Ìyẹn dáa. Wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kó máa wò ó.

Ọmọ wọn ńkọ́?

Kúbúrá nìyẹn, ọmọ ọdún mẹ́ta. Ọdún Fẹ́sítáàkì ni. Àlíkálì, adájọ́ kóòtù Mùsùlùmí, ní kó máa lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ ní Anglo Jos, ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ bàbá ẹ̀ ní Zawan. Jọ́ńṣọ̀n Tina ni kí wọ́n ti máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Ó ní ẹni tí kò bá tọ́jú ẹ̀ dáadáa, òun máa gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀ pátápátá.

Báwo lèèyàn ṣe ń gbé ọmọ fún ẹni tó ti búra pé òun ò ní rí?

A gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Àlùfáà Lìádì, ará Ìlọrin bíi tiwa. Àlùfáà fọwọ́ ra irùngbọ̀n títí. Ó ní, "Ojú lo fi búra, Hàbíbátù, o ò fi ẹ̀yìn búra. Ẹ kẹ̀yìn síra yín."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Ṣàíbù á kẹ̀yìn, á tẹ̀ba. Hàbíbátù náà á fẹ̀yìn rìn lọ bá a, tìẹ̀, tìẹ̀, tìẹ̀. Á tú ọ̀já, Kúbúrá á kúrò lẹ́yìn ìyá, á bọ́ sẹ́yìn bàbá. Kò sí ẹ káàárọ̀, kò sí ó dàbọ̀. Ṣàíbù onírùngbọ̀n á wá fi ọ̀já pọnmọ, á gba àárín títì lọ.

Ẹ̀rín ń pa mí!

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́. Ẹ mọ ọyẹ́ Jos. Kùrukùru bolẹ̀ débi pé o ò ní rí imú ara ẹ. Hàbíbátù dé jọ́ńṣọ̀n, ó kẹ̀yìn, ó ń fẹ̀yìn rìn. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn. Ọwọ́ ẹ̀ ba aṣọ ṣákiṣàki kan, ó rò pé ẹ̀wù òtútù Ṣàíbù ni. Ara ẹ̀ gbóná. Ó ń mí, hùn-ùn, hùn-ùn.

Ó tú ọ̀já. Kúbúrá bọ́ sọ́hùn-ún.

"Màmá, Bàbá hu ìrù."

"Ohun tó bá wù ú ni kó hù."

"Etí ẹ̀ náà ti gùn."

"Kúbúrá, mo ti sọ fún ẹ, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá ẹ."

Kọ̀, kọ̀, kọ̀, kọ̀. Ẹni tó gbọmọ ń lọ. Hàbíbátù ní, ehn, Ṣàíbù ti ra bàtà tuntun.

Ó ṣì ń tún ìró ẹ̀ ró lọ́wọ́ tí ẹnì kan fi wúkọ́ lẹ́yìn ẹ̀.

"Mo ti tẹ̀ba o. Gbé ọmọ wá."

"Ọmọ wo? Ṣebí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e fún ẹ ni."

"Fún èmi wo?"

Ni wọ́n bá yíjú síra wọn. Ìbúra wó lulẹ̀, gbì!

Ibẹ̀ ni bàbá onígi kan ti jáde nílé oníṣáyì, ife tíì lọ́wọ́. "Kai, ina jakina?" Jàkí ẹ̀ ló ń wá, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó da àpò bò torí òtútù.

Wọ́n wo ara wọn.

Ẹ wo eré! Ṣàíbù ṣíwájú, Hàbíbátù tẹ̀ lé e, bàbá onígi gbẹ́yìn, tíì ń dà sí i lára. Wọ́n bá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lójú ọ̀nà ilé ẹ̀, ó ń lọ jẹ́jẹ́. Kúbúrá jókòó sáàárín ìdì igi méjì bí Ẹ́míà, ó ń jẹ kúlíkúlí.

"Sọ̀kalẹ̀," ni ìyá ẹ̀ wí.

"Mi ò sọ̀. Èyí kì í jà."

Ṣàíbù ò tiẹ̀ jẹ́ ká mí. Lọ́jọ́ náà gan-an ló wọ́ wa dé iwájú àlíkálì. Ó ní obìnrin tó gbé ọmọ òun fún ẹran, kí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀ fóun pátápátá. Ẹ̀rù ba Hàbíbátù.

Àlíkálì wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ obìnrin yìí, ọdún mẹ́fà lo fi wà nílé ọkùnrin yìí. Báwo lo ò ṣe mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́?"

"Olúwa mi, mo fọwọ́ kàn án, kò mira. Mo gbé ọmọ fún un, kò dúpẹ́. Ó kàn ń mí ni. Bó ṣe ń ṣe fún odindi ọdún mẹ́fà nìyẹn. Nǹkan kan ṣoṣo ló yẹ kó ti fu mí lára."

"Kí ni nǹkan ọ̀hún?"

"Ó tètè dé."

Láwàní já bọ́ lórí àlíkálì. Akọ̀wé kóòtù wọ abẹ́ tábìlì lọ.

Nígbà tí àlíkálì rí èémí mí, ó gba Kúbúrá lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ó gbé e fún èmi ìyá àgbà. Ó ní kí wọ́n máa wá wò ó nílé mi, kí wọ́n sì máa kọjú síra wọn bí ọmọlúwàbí.

Inú mi dùn débi pé iwájú kóòtù níbẹ̀ ni mo ti tẹ̀ba kí n pọn ọmọ ọmọ mi. Kúbúrá gùn mí, ó jókòó dáadáa, ó fi gìgísẹ̀ méjèèjì gún mi níhà, gbù, gbù.

"Jàkí, mu tafi. Ó yá, ká lọ!"

Mo bẹ́ mọ́ eré.