Òrùka Inú Òkèlè

Bí mo bá gbàgbé orúkọ ara mi, n ò ní gbàgbé ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fojú kan bàbá Mọ́rẹ̀nikẹ́ ní Dutse Alhaji lápá àríwá. Ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ìgboro ni. Mo ń kàwé gboyè kejì nípa sẹ́ẹ̀lì ara, ìfẹ́ Mọ́rẹ̀nikẹ́ ń pa mí bí ọtí, bàbá rẹ̀ nìkan ló kù tí kò tíì fọwọ́ sí i.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bàbá, aṣọ ni wọ́n ń tà lọ́jà. Mo dọ̀bálẹ̀, Mọ́rẹ̀nikẹ́ gbé ẹ̀bà síwájú wa, Bàbá sì bi mí pé, "Iṣẹ́ wo lò ń ṣe gan-an? Má fi òyìnbó dá mi lóhùn o."

Ẹnu yún mi. Mo ní, "Bàbá, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń ṣọ́ ara wa. Bí kòkòrò àrùn bá wọlé, wọ́n á gbé e mì. Ọ̀rá ni awọ wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké inú wọn tó ń jẹ́ ẹ́ńsáìmù ló ń tún ọ̀rá náà ṣe kí awọ lè rọ̀, kó yí kòkòrò ká."

"Báwo ni awọ ṣe ń yí nǹkan ká?"

Ibẹ̀ ni àṣejù ti wọ̀ ọ́. Mo ní kí Mọ́rẹ̀nikẹ́ yá mi ní òrùka wúrà ọwọ́ rẹ̀, ìyẹn ni kòkòrò. Òrùka ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé ni, òun nìkan ṣoṣo ni Bàbá tọ́jú fún un. Ó lọ́ra kó tó bọ́ ọ. Mo bu òkèlè, mo tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ó ń là káàkiri. Mo fi epo ọbẹ̀ pò ó. "Ìka mi ni ẹ́ńsáìmù o." Ó rọ̀, ó dán, ó bo òrùka mọ́lẹ̀ pátápátá.

Bàbá sún mọ́ mi. "Kai! Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Ẹ́ńsáìmù á tún ọ̀rá yẹn yí padà, kí omi kíkan lè wọnú àpò náà, kó da kòkòrò." Bí mo ṣe ń ṣàlàyé, ọwọ́ mi ti ki òkèlè bọ ọbẹ̀. Ọwọ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti kékeré, ta ni yóò sọ fún un pé ẹ̀kọ́ là ń kọ́? Ẹ sì mọ̀ pé a kì í rún òkèlè. Mo gbé e mì.

Mọ́rẹ̀nikẹ́ wo ìka rẹ̀ tó ṣófo. "Òrùka Màámi," ló sọ, omijé sì dé. Ó dùn mí wọ egungun. Mo ti ìka bọ ọ̀fun, òsúkè nìkan ló jáde. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé nílé kejì ní ká fara balẹ̀, yóò bá ọ̀nà tirẹ̀ jáde.

Bàbá ti géètì. "Wàláì, o ò ní kúrò nílé yìí títí òrùka ìyàwó mi á fi jáde."

Ọjọ́ mẹ́ta ni èmi akẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì fi ń jókòó sórí póò bí ọmọ ọwọ́. Aṣọ Bàbá ni mo ń ró mọ́dìí. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á fún mi ní ìbẹ́pẹ, wọ́n á jókòó tì mí, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ìyàwó wọn: bó ṣe ń ká aṣọ, bó ṣe ń rẹ́rìn-ín sí oníbàárà aláhun.

Lọ́jọ́ kẹta, póò dún kọ́ọ́. Mo fi ọṣẹ fọ òrùka, mo sè é, mo tún fọ̀ ọ́. Bàbá gbé e sójú oòrùn. Kò bàjẹ́ rárá.

"Inú ẹ gbé e mì, kò dà á," ni wọ́n wí. "Bí tèmi náà ṣe rí nìyẹn. Ọjọ́ tí ìyá Mọ́rẹ̀nikẹ́ ti lọ, mo gbé ìbànújẹ́ mì, kò dà." Wọ́n fi òrùka sí mi lọ́wọ́. "Ìwọ ni kó o fi sí ọmọ mi lọ́wọ́."

Mo ti kọ́gbọ́n: ẹni tí ebi ń pa kì í fi oúnjẹ kọ́ni. Títí dòní, bí ẹ̀bà bá dé iwájú wa, ìyàwó mi á kọ́kọ́ bọ́ òrùka rẹ̀, á jókòó lé e lórí, á wá wò mí. Kí ni kí n ṣe? Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń rọra jẹ oúnjẹ mi.