Ìkòkò Owó Tí Mo Hú Lẹ́yìnkùlé

Ọjọ́ tí mo gbẹ́ ṣáláńgá lẹ́yìnkùlé bàbá mi ní Kàbà kò ní kúrò lọ́kàn mi bọ̀rọ̀. Kòtò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé mi lórúnkún ni ṣọ́bìrì mi kọ lu ìkòkò kan. Mo ṣí i, owó onírin ló kún inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti dípẹtà. Mo fi etí aṣọ nu ẹyọ kan, mo rí orí ọkùnrin aládé, wọ́n kọ Látìn yí i ká. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò mọ́, mi ò sì yọ ara mi lẹ́nu.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo rí i lórí fóònù pé àgbẹ̀ òyìnbó kan hú owó àwọn ará Róòmù àtijọ́, ó sì di olówó. Mo ní ó ti kàn mí. Bí ará Róòmù ṣe dé Kàbà, mi ò bèèrè.

Láti ìṣẹ́jú yẹn, mi ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni mọ́. Ọlọ́kadà kan fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà, mo ní ó ti gbọ́. Ìyá Àgbà, ìyálé ìyá mi, kí mi pé, “Okun o,” mo ní kí ni wọ́n ń wá. Ni mo bá yọ́ gbé ìkòkò sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi, mi ò sọ fún wọn.

Ohun tí ọlọ́gbọ́n ì bá kọ́kọ́ rántí nìyí: kí wọ́n tó bí mi ni Ìyá Àgbà ti ń sọ pé ìyá mi jí owó aṣọ híhun tí àwọn rì mọ́ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi ń gbálẹ̀, wọ́n rí ìkòkò, wọ́n gbé e jáde pé ta ló ni ín. Ìyá Àgbà ló jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n mú ẹyọ kan, wọ́n nu ẹ̀yìn rẹ̀, àwòrán igi ọ̀pẹ sì yọ.

“Ọ̀pẹ rèé,” wọ́n ní. “Ṣílè mi ni. Ṣé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ ló wà látọjọ́ yìí?”

Omi ṣáà ń bọ́ lójú ìyá mi. Ojú tì mí débi pé mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ìyá Àgbà ní mò ń gbèjà ìyá mi. Mo bá mú wọn lọ sídìí kòtò. Ojú ibi tí ìkòkò jókòó sí ṣì wà nínú ilẹ̀. Wọ́n wò ó, wọ́n wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lókèèrè.

“Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló rìn,” wọ́n ní. “Ìyá kú, ọmọ ń hù síwájú. Ìdí ọmọ ni mo lọ hú. Ìyàwó, dárí jì mí.”

“Ẹ tiẹ̀ pẹ́ kí ẹ tó mọ̀,” ni ìyá mi wí. Wọ́n bá nu ojú wọn, wọ́n lọ gbé àga wá fún ìyálé wọn.

Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Èmi lo tèmi jù, díẹ̀ ló kù kí ó sọ ìyá mi di olè títí ayé. Ìyá Àgbà fún mi ní ṣílè kan. Bí mo bá ti rí ọ̀pẹ ẹ̀yìn rẹ̀, èmi nìkan á máa rẹ́rìn-ín: ará Róòmù wo ló ń dá ẹmu?