Bọ́tà Ni Obìnrin Kejì

Orí tábìlì oúnjẹ àárọ̀ ni Ambrose Tunnicliffe ti máa ń ṣètò àwọn ijó tí gbogbo abúlé rẹ̀ ń jó. Láàárọ̀ Sátidé yìí, ó to iyọ̀, jáàmù àti ẹyin bíbọ̀ kan sápá kan, ó to ata, bọ́tà àti ẹyin kejì sápá kejì, wọ́n kọjú síra wọn bí ẹni ń dúró de orin. Hilda, ìyàwó rẹ̀, na ọwọ́ sí ẹyin kan.

“Fi obìnrin yẹn sílẹ̀!”

“Obìnrin wo?”

“Obìnrin kẹta. Ọkọ rẹ̀ ló dojú kọ ọ́ yẹn. Iyọ̀ àti ata ni tọkọtaya kìíní, jáàmù àti bọ́tà ni ìkejì.”

“Tọkọtaya kẹta ti ń tutù, Ambrose, ebi sì ń pa mí.”

“Ní sùúrù. Aago mẹ́sàn-án ni Mísísì Gathercole tó ń darí àwọn oníjó ń bọ̀ wá gba ijó yìí. Ó ní bí tèmi bá tún lọ́ mọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀, inú ìwé àtijọ́ nìkan làwọn á máa jó.”

“Ó tọ́ sí ọ. Ijó rẹ tó kọjá, àlùfáà jó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde, inú itẹ́ òkú la ti rí i.”

“Ohun tí mo kọ ló tẹ̀ lé. Ọkùnrin tó ń gbọ́ràn ni.”

Ambrose fi ìka ti iyọ̀ àti ata gba ẹ̀yìn ìlà sọ̀ kalẹ̀. Jáàmù gòkè. Wọ́n yí po lẹ́ẹ̀kan, iyọ̀ sì tún bá ara rẹ̀ níbi tó ti gbéra.

“O ò rí i? Bí ijó bá yí po lẹ́ẹ̀kan, ó yẹ kí iyọ̀ ti bọ́ sípò kejì. Báyìí, wọ́n á jó di ọdún tó ń bọ̀ lójú kan.”

“Bọ́tà ló dí wọn lọ́nà. Kí ló dé tí kò kúrò níbẹ̀?”

“Ipa tirẹ̀ nìyẹn. Ìwọ ni bọ́tà.”

“Èmi?”

“Ijó rẹ ni. ‘Ìdùnnú Hilda’ ni mo sọ ọ́.”

Hilda tẹ orí ba, ó wo bọ́tà náà dáadáa.

“Kí ni bọ́tà ń ṣe nínú Ìdùnnú Hilda?”

“Ó dúró.”

“Lẹ́yìn náà ńkọ́?”

“Ó ń wo àwọn tó kù.”

“Ìgbà wo wá ni ìdùnnú náà máa dé?”

“Bí orin bá tán.”

Hilda fa àga, ó jókòó, ó gbé obìnrin kẹta, ó sì fi ṣíbí là á lórí.

“Hilda! O ti pa obìnrin kẹta!”

“Ó ti kú kí n tó jí. Ìwọ lo bọ̀ ọ́.”

“Ta ló máa wá gba àyè rẹ̀?”

“Bọ́tà. Ó ti dúró tó.”

Ó fi ọwọ́ kan gbé ẹyin sẹ́nu, ó fi èkejì ti bọ́tà. Bọ́tà yí ọkùnrin kẹta po, ó kọjá láàárín jáàmù àti ata, ó sọ̀ kalẹ̀ síbi tó ṣófo. Iyọ̀ ráyè, ó bọ́ sípò kejì wọ́ọ́rọ́wọ́.

“Ó bọ́ sí i! Hilda, ó bọ́ sí i! Pẹ́ńsù mi dà?”

Ẹnìkan kanlẹ̀kùn.

“Mísísì Gathercole ti dé! Kí ni mo máa kọ fún obìnrin kẹta? A ò sáà lè jẹ èèyàn ní gbọ̀ngàn ìjọ.”

“Kọ ọ́ pé kó kúrò lórí ìlà, kó lọ mu tíì. Wàá rí i bí àwọn obìnrin á ṣe máa jà du ipò yẹn.”

Ambrose kọ ọ́. Ó wò ó, ó fa ojú ro. Wọ́n tún kanlẹ̀kùn.

“Ẹsẹ̀ wo ni kó kọ́kọ́ gbé lọ sídìí tíì, ọ̀tún ni àbí òsì?”