Ọ̀pá Odò Ọ̀gẹ̀rẹ̀

Bàbá Ọ̀jẹ̀wùmí, ẹ̀gbọ́n bàbá bàbá mi, ni ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún wa ní ọdún 1958, nínú oṣù tí a fi páànù bo ilé wa. Òun fúnra rẹ̀ wà nínú odò lọ́jọ́ náà. Òun ni ẹnì kẹta lórí okùn.

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé odò kì í wo àwọ̀ kí ó tó gbé ènìyàn lọ? Ẹ fara balẹ̀, kí n tò ó fún yín bí mo ṣe gbọ́ ọ.

Láyé ìgbà náà, kò sí afárá lórí odò Ọ̀gẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ibi tí àpáta wà lábẹ́ omi ni yóò mú ọ̀pá ṣáájú, àwọn yòókù yóò di okùn kan mú tẹ̀lé e. Èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nínú omi, àfi ẹni tí ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn méjì a máa da ẹsẹ̀ rú.

Ẹfúnyẹlá apẹja ni ó mọ odò náà jù. Ó dúdú bí kóró iṣin. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ibà ti mú ọmọ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, òdìkejì odò ni ilé ìwòsàn wà, òjò sì ti ń rọ̀ láti àná. Ó pọn ọmọ, ó nawọ́ sí ọ̀pá. Baálẹ̀ ìlú, tí òun náà fẹ́ sọdá, ní kó bọ́ sẹ́yìn.

Àlejò kan wà láàrin àwọn tó fẹ́ sọdá, télọ̀ kan tó ń jẹ́ Jọláadé, pupa fòò bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n. Láti ìjọ́ tó ti dé, òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ bu omi fún, òun ni wọ́n ń gbé àga fún. Wọ́n ní irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tí kò mọ nǹkan. Baálẹ̀ na ọ̀pá sí i.

“Baálẹ̀, ẹ dákun, n kò mọ odò yìí,” ni Jọláadé wí. “Omi kànga ni à ń mu nílé wa.”

“Ẹ ò rí ìrẹ̀lẹ̀?” ni Baálẹ̀ wí. “Ẹni dúdú ìbá ti máa yangàn.”

Wọ́n bọ́ sómi. Omi dé orúnkún, ó dé ìbàdí. Jọláadé yà sí òsì, níbi tí Ẹfúnyẹlá mọ̀ pé kòtò wà. Obìnrin náà fa okùn. Baálẹ̀ wẹ̀yìn, ó fi ojú bá a wí. Omi dé àyà. Ìtì igi kan ń bọ̀ lójú omi, igi náà sì ṣẹ́jú. Gbogbo àwọn tó di okùn mú rí i, ṣùgbọ́n èèwọ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè sọ pé ọ̀nì ni. Bàbá Ọ̀jẹ̀wùmí ní eyín tó ń gbá ara wọn nìkan ni òun ń gbọ́ lórí okùn. Ẹfúnyẹlá tú ọmọ, ó gbé e lé èjìká. Ọmọ náà kò tilẹ̀ sunkún mọ́.

Ni ilẹ̀ bá yẹ̀ mọ́ Jọláadé lẹ́sẹ̀. Omi dé imú rẹ̀. Ó tu omi dànù, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba ọ̀pá lọ́wọ́ òun. Baálẹ̀ gbà á, ó sì ń wá ẹlòmíràn tó pupa. Ó gbé e fún Sàlámì tó ń ta ewúrẹ́, torí pé ó pọ́n díẹ̀ létí. Sàlámì bú sẹ́kún, ó dá a padà. Ohun pupa kan ṣoṣo tó kù ni òbúkọ tí Sàlámì so mọ́ ìdí. Bàbá Ọ̀jẹ̀wùmí búra pé Baálẹ̀ wo òbúkọ náà pẹ́.

Ẹfúnyẹlá kò dúró mọ́. Ó já ọ̀pá gbà.

“Ọ̀tún ni kí ẹ yà. Ibi tí mo bá tẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀.”

Bí wọ́n ṣe gúnlẹ̀, àwọn tó wà létí odò sáré gbé aṣọ gbígbẹ wá, Jọláadé ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi bò. Ó bọ́ ọ, ó fi wé ọmọ náà.

Wọ́n tọ́jú ọmọ náà nílé ìwòsàn, ibà sì fi í sílẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ, ọdún 1924, Baálẹ̀ gbé ọ̀pá lọ sílé Ẹfúnyẹlá fúnra rẹ̀, ó ní kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Wọ́n bi í pé kí ló yí i lọ́kàn padà. Ó ní nínú gbogbo àwọn tó wà lórí okùn, àti pupa àti dúdú àti òbúkọ, ẹsẹ̀ òun gan-an ni ọ̀nì yẹn dojú kọ. Odò kì í wo àwọ̀ kí ó tó gbé ènìyàn lọ.