XML Tó Dójú Tì Mí ní Òkukù

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí ayé, ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà dójú tì mí níwájú àwọn àna mi. Ó ku díẹ̀ kí a wọ ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun nígbà náà. Ìkìrun ni mo ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, mo sì ń fẹ́ Bísí, ọmọ Òkukù. Bàbá rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ò gbà pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Wọ́n ní bọ́tìnnì títẹ̀ kì í bọ́ ìyàwó.

Kí wọ́n lè rí i pé iṣẹ́ ni, mo kọ orúkọ ẹbí wọn, bàbá, ọmọ àti ọmọ ọmọ, sínú fáìlì XML, irú fáìlì tí a fi ń to ọ̀rọ̀ ní ìpele-ìpele, mo fi JavaScript, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù, kọ ètò tí yóò máa kà á jáde sójú ìwé wẹ́ẹ̀bù. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, kò sí àléébù kankan. Mo dà á sínú dísíkẹ́ẹ̀tì, mo wọ bọ́ọ̀sì. Títí a fi kọjá Inísà ni mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọkọ ìyàwó.

Ilé àbúrò Bàbá, tó ní kọ̀ǹpútà, ni ẹbí péjọ sí. Mo ki dísíkẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́, ojú ìwé funfun báláú. Mo ní iná ni kò lágbára. Mo tún un tẹ̀, pàbó. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé bíráósà tiwọn, ìyẹn ètò tí a fi ń wo ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù, kì í ṣe irú tèmi. Àṣẹ tí mo fi ń ṣí XML kò yé e rárá. Bàbá tẹ̀ba wo ìkìlọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kékeré tó gbé jáde nísàlẹ̀, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ fún gbogbo ilé.

"Ó ní òun ò mọ ohun tí ọmọkùnrin yìí ń wí."

Mo kó àwọn orúkọ náà sínú ojú ìwé fúnra rẹ̀, mo fi ìkánjú kọ ètò míì tí yóò kà wọ́n. Orúkọ jáde! Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Àṣé mo ti dorí ìlà ẹbí wọn kodò. Ìyá Bísí ló kọ́kọ́ rí i pé Bàbá ti di ọmọ Bísí.

Bàbá yọ awò ojú wọn, wọ́n wò mí títí.

"Tí mo bá jẹ́ ọmọ Bísí, tí o sì fẹ́ fẹ́ ẹ, a jẹ́ pé ìwọ ni bàbá mi nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìgbà wo lẹ máa ra aṣọ ọdún fún mi?"

Ẹ̀rín sọ. Bí mo ṣe gba ìyàwó nìyẹn.

Láti ìgbà náà, n kì í rán bíráósà níṣẹ́ láìkọ́kọ́ bi í bóyá ó mọ̀ ọ́n ṣe. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, mo ti ní ọ̀nà kejì tí mo dán wò dáadáa nílé. Ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́ ní Òkukù: "Bàbá Bàbá" ni wọ́n ń pè mí títí dòní. Mo sì ń jẹ́ ẹ, tẹ̀ríntẹ̀rín.