Ilé Dà, Ẹnjiníà Jùwọ́n?

Ẹ bá mi kí Jùwọ́n ará Òkè-Ìlá ní Adó-Èkìtì, ọkùnrin tí kò tíì ṣàṣìṣe rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Bí kọ̀ǹpútà tó tún ṣe bá kú, iná ìjọba ló pa á. Bí ìkànnì tó kọ́ bá wó, òjò ló wó o. Ẹ má sì pè é ní Jùwọ́n lásán o! Ẹnjiníà ni.

Àǹtí Olúyẹ́misí, tó ń ṣe kéèkì nítòsí Ọjà Ọba, ló kó sí i lọ́wọ́. Ó fẹ́ káwọn oníbàárà máa ra kéèkì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ìkànnì náà sì máa fi orúkọ àti ilé wọn ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ọlọ́kadà kan, kó lè hàn lójú fóònù ẹni tó máa gbé kéèkì lọ.

"Nọ́ńbà fóònù wọn ńkọ́?"

"Nọ́ńbà kẹ̀? Àǹtí, iṣẹ́ tèmi kì í ṣìnà!"

Lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kéèkì mẹ́fà ni wọ́n béèrè kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Àǹtí yọ̀, ó kó wọn sí páálí. Akínbọ́lá ọlọ́kadà, àgbàlagbà tó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ Adó, tẹjú mọ́ fóònù.

"Orúkọ: Arábìnrin Àtinúkẹ́. Kéèkì: ti ìfẹ̀yìntì. Ilé..." Ó yí fóònù síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. "Ilé dà, Ẹnjiníà?"

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni."

Wọ́n pa fóònù, wọ́n tàn án. Òfìfo.

"Fóònù yín ló ti darúgbó."

Wọ́n gbé fóònù tuntun ti Àǹtí. Òfìfo.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ̀rọ àwọn ọlọ́kadà yẹn ló ń gbé ilé mì!"

Àwọn àgbà ní bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe la fi ń wá a. Wọn ò sọ fún wa pé bí ilé bá sọnù, bẹntiróòlù la ó fi wá a. Akínbọ́lá gun ọ̀kadà, ó ń béèrè Arábìnrin Àtinúkẹ́ kiri Adó. Àtinúkẹ́ mẹ́ta ló rí. Kò sí èyí tó ń fẹ̀yìn tì nínú wọn. Ọ̀kan ò tíì bẹ̀rẹ̀ iléèwé.

Ìgbà tó padà dé, Jùwọ́n ń fò sókè. "Mo ti tún un ṣe!"

Lóòótọ́, ilé ti hàn. Ojúlé kejì, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Òkè-Ìlá.

"Kéèkì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ojúlé kan náà?"

"Ẹ gbé e lọ, bàbá. Ẹ̀rọ kì í purọ́."

Ẹ̀rọ ò purọ́. Jùwọ́n ló wọ àkáǹtì Àǹtí lórí ẹ̀rọ àwọn ọlọ́kadà, tó pàṣẹ fún un pé níbi tí ilé bá ti ṣófo, kó fi ilé kan síbẹ̀. Ilé ara rẹ̀ ló fi dán an wò, ó sì gbàgbé láti yọ ọ́!

Ní ọ̀sán, fóònù Àǹtí ò sinmi mọ́. "Àlejò ti pé, kéèkì dà?" Ni òun, Jùwọ́n àti Akínbọ́lá bá sáré lọ sí ojúlé kejì tí Akínbọ́lá kó wọn lọ. Ìyá Jùwọ́n àtàwọn ìyá Àládùúrà wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ń dúpẹ́, súgà kéèkì ní ẹnu gbogbo wọn. Kéèkì kan ṣoṣo ló kù, èyí tí wọ́n kọ "Olólùfẹ́ mi, ṣé wàá fẹ́ mi?" sí.

"Jùwọ́n, ọmọ ta ni?" Omijé ayọ̀ bọ́ lójú Màmá. "Ọmọ ẹnikẹ́ni ì báà jẹ́, mo ti bá ẹ gbà!"

Àǹtí fìbínú pe Ìyìn, ọmọbìnrin tó kọ́ ẹ̀rọ àwọn ọlọ́kadà, ó sì jẹ́ kí gbogbo ilé máa gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ wo lẹ fún àyè tí ilé oníbàárà ń wà nínú ohun tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí wa? Ẹ pè é ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan."

Jùwọ́n gbé àyà sókè. "U. L. E."



"I, L, E ni ẹ̀rọ wa ń retí, sà. Ohun tí kò bá mọ̀, ńṣe ló ń jù ú nù. Ó wà nínú ìlànà tí mo fi ránṣẹ́ sí yín. Ṣé ẹ kà á?"

"Èmi? Kí n máa ka ìlànà?"

Akínbọ́lá di ògiri mú, ẹ̀rín fẹ́ pa á. "Ẹnjiníà, ulé rèé o!"

"Kí ni mo ṣe?" Jùwọ́n pariwo. "Ulé là ń pè é níbí! Ẹ̀rọ yín ni kò gbọ́ Èkìtì!"

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Àǹtí fi okùn so bírò mọ́ ìwé kan, ó gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Òun fúnra rẹ̀ ń gba ìpè àwọn oníbàárà, Jùwọ́n ń kọ ilé wọn sílẹ̀. Akínbọ́lá ṣí ìwé náà, ó wò ó títí.

"Ẹnjiníà, kí lẹ kọ síbí?"

Jùwọ́n gbà á. Ó gbé e sún mọ́jú, ó gbé e jìnnà, ó dorí ẹ̀ kodò. Òun náà ò lè kà á.